Ta ni kó pàdé ta? Bí ẹ ṣe lè to tíìmù fún playoff líìgì àdúgbò yín

Inú náílọ́ọ̀nù dúdú la ti mú orúkọ àwọn tíìmù tó máa gbá playoff, ìyẹn ìdíje ìparí tó máa ń tẹ̀ lé líìgì, lọ́dún tí mo kọ́kọ́ di akọ̀wé líìgì wa ní Ṣàgámù. Tíìmù mẹ́jọ, bébà mẹ́jọ tí a ká róbótó, ọmọ kékeré kan sì ń ti ọwọ́ bọ inú náílọ́ọ̀nù. Bó ṣe fa bébà kìíní àti èkejì jáde báyìí, gbogbo pápá dákẹ́. Tíìmù tó ṣe ipò kìíní, tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà láti ìgbà tí líìgì ti bẹ̀rẹ̀, ni yóò pàdé èyí tó ṣe ipò kejì, ní ìpele àkọ́kọ́ pátápátá. Wọ́n gbá ọ̀mì, wọ́n lọ sí pẹ́náritì, ipò kìíní sì lọ sílé. Nígbà tí fáínà fi máa dé, gọ́ọ̀lù márùn-ún sí òdo ló parí sí. Ìdajì kejì ò tíì gbóná tí àwọn èèyàn ti ń gbé bẹ́ǹṣì wọn kúrò létí pápá.

Kápéènì tíìmù tó lọ sílé yẹn wá bá mi lẹ́yìn náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí la wá ń sáré kiri fún láti oṣù mẹ́ta?" N ò rí èsì kankan fún un.

Ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí, fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò líìgì ní Rẹ́mọ, ní Ìjẹ̀bú, àti níbikíbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí mo gbà gbọ́ ò pọ̀: gbogbo eré tí tíìmù bá gbá kí playoff tó bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní èrè tirẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ bá fún tíìmù lèrè náà. Nọ́ńbà kìíní ni kí ọ̀nà rẹ̀ rọrùn jù, nọ́ńbà kẹjọ ni kó gun òkè tó ga jù. Bí ọ̀nà àwọn méjèèjì bá rí bákan náà, a kàn fi oṣù mẹ́ta dá àwọn ọmọ ọlọ́mọ lágara ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ òfin sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó yí

Ọjọ́ ìpàdé àwọn kápéènì ni kí ẹ kọ ọ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ẹni tí yóò lágbára. Bí ẹ bá dúró títí tábìlì fi jáde, kò sí òfin tí ẹ máa ṣe tí àwọn kan ò ní sọ pé ẹ̀ ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Bàbá olóyè kan ránṣẹ́ pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ní kí wọ́n gbé mínírà fún mi. Wọ́n wá ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ ò lè jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́kọ́ pàdé àwọn tí apá wọ́n ká ni?" Bàbá ò gbèrò ibi, ìfẹ́ àdúgbò ló ń ṣe wọ́n. Mo yọ ìwé òfin jáde lápò, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kápéènì yín ló fọwọ́ sí i níbí yìí." Wọ́n mú awò wọn, wọ́n ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí n mu mínírà mi kó tó gbóná. Ká ní ìwé yẹn ò sí ni, n ò mọ bí mi ò bá ṣe jáde nílé wọn láì já wọn kulẹ̀.

Ojú ewé kan ti tó. Ẹ kọ iye tíìmù tó máa wọ playoff, bí ẹ ṣe máa ya àwọn tí pọ́ìntì wọn bá dọ́gba, ẹni tó máa pàdé ẹni, àti ohun tí nọ́ńbà tó ga máa jẹ lérè. Kí gbogbo kápéènì fọwọ́ sí i, kí ẹ fún kálukú ní ẹ̀dà kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: tíìmù mélòó ló yẹ kó wọlé?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ tiẹ̀ nílò playoff. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife ẹ̀yẹ NPFL, líìgì bọ́ọ̀lù tó ga jù ní Nàìjíríà, ní sáà 2024/2025, ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn, playoff kankan ò sì sí níbẹ̀. Tíìmù 20, eré 38 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wà lókè ló gbé e. Kò sí ọ̀nà tó mọ́ ju ìyẹn lọ.

Ẹ wá fi wé ti ọdún 2023. Sáà kúrú lọ́dún náà, wọ́n pín tíìmù 20 sí gúrúùpù méjì, mẹ́ta mẹ́ta jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́fà yẹn wá lọ pàdé ara wọn ní Oníkàn, l'Ékòó. Òdo ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Enyimba àti Remo Stars parí rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ìntì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, àṣẹ́kù gọ́ọ̀lù (ìyẹn gọ́ọ̀lù tí tíìmù gbá wọlé, tí a yọ èyí tí wọ́n gbá wọlé tirẹ̀ kúrò nínú rẹ̀) ló gbé ife fún Enyimba. N ò sọ pé wọ́n rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, òfin ni wọ́n tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n eré 18 tí tíìmù kọ̀ọ̀kan ti gbá ṣáájú ò ju owó ìwọlé lọ. Ẹni tó ṣe kìíní nínú gúrúùpù àti ẹni tó ṣe kẹta dé Oníkàn, ọgbọọgba ni wọ́n.

Ní líìgì kékeré bíi tiwa, bí tíìmù mẹ́jọ bá pàdé ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, eré 28 nìyẹn. Mẹ́rin ni kó wọ playoff, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì ni òpin. Bí tíìmù mẹ́wàá bá gbá tí mẹ́jọ sì wọlé, àwọn tó lágbára á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ ìjókòó gbá eré ìparí, àwọn tó rẹlẹ̀ ò sì ní máa sáré mọ́, torí wọ́n mọ̀ pé àyè wà fún àwọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí pọ́ìntì bá dọ́gba

Ibí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ líìgì àdúgbò máa ń kọ́kọ́ wo àṣẹ́kù gọ́ọ̀lù. Ó rọrùn láti ṣírò, ṣùgbọ́n ó léwu níbi tí tíìmù kan lè kó èèyàn mẹ́sàn-án péré wá nítorí pé àwọn yòókù lọ síbi òkú. Ẹni tó bá bọ́ sí ọjọ́ burúkú yẹn á gbá gọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án, yóò sì máa fi yangàn títí líìgì á fi parí. Èmi kọ́kọ́ máa ń wo èsì eré tí àwọn tó dọ́gba gbá láàrin ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní Ìperu, Ìlíṣàn àti Ògèrè ní pọ́ìntì 13 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìperu na Ìlíṣàn ní 1-0. Ìlíṣàn na Ògèrè ní 3-0. Ògèrè na Ìperu ní 2-1. Bí ẹ bá wo pọ́ìntì láàrin àwọn mẹ́ta nìkan, mẹ́ta mẹ́ta ni, wọ́n ṣì dọ́gba. Ẹ wá wo gọ́ọ̀lù láàrin àwọn mẹ́ta yẹn. Ìlíṣàn gbá mẹ́ta, wọ́n gbá ọ̀kan wọlé rẹ̀, ó ku méjì. Ìperu gbá méjì, wọ́n gbá méjì wọlé rẹ̀, òdo. Ògèrè gbá méjì, wọ́n gbá mẹ́rin wọlé rẹ̀, ó jẹ gbèsè méjì. Ìlíṣàn ló ṣáájú, Ìperu tẹ̀ lé e, Ògèrè ló kẹ́yìn. Kódà bí Ògèrè bá ti fi mẹ́sàn-án na àwọn tó lọ síbi òkú, ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni níbí.

Bí wọ́n bá tún dọ́gba síbẹ̀, ẹ wá lọ wo àṣẹ́kù gọ́ọ̀lù gbogbo líìgì, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú òfin pé gọ́ọ̀lù mẹ́rin ni àlàfo tó pọ̀ jù tí ẹ máa kà nínú eré kan. 9-0 á wá di 4-0 lórí ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn ni gọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá, lẹ́yìn rẹ̀ káàdì. Ẹ má fojú kéré káàdì o. Ní ìdíje àgbáyé ọdún 2018, Japan àti Senegal dọ́gba nínú ohun gbogbo, káàdì yẹ́lò mẹ́rin sí mẹ́fà ló gbé Japan kọjá. Rẹfirí gbọ́dọ̀ kọ káàdì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́jọ́ tó fún un, kì í ṣe pé ká máa bi í ní ìparí oṣù kó máa fi orí rò ó. Mi ò fọwọ́ sí jíju owó ẹyọ sókè rárá. Bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba tán, kí wọ́n wá gbá ogún ìṣẹ́jú ní àárọ̀ Sátidé.

Òjò náà ńkọ́? Bí eré kan bá bọ́ tí ẹ ò sì rí ọjọ́ mìíràn fún un, ẹ fi iye eré pín pọ́ìntì. Ẹni tó ní 12 nínú eré márùn-ún ní 2.4 ní eré kan, ó sì ju ẹni tó ní 13 nínú mẹ́fà lọ, torí 2.17 péré ni tìyẹn. Bí tíìmù kan bá fi líìgì sílẹ̀ láàrin, ẹ pa gbogbo èsì rẹ̀ rẹ́ pátá, àti fún àwọn tó nà án àti fún àwọn tí òun nà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí ẹ bá ní gúrúùpù méjì

Ìṣòro gúrúùpù ni pé ọ̀kan lè le, kí èkejì rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, nínú NFL, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sáré yẹn, ẹni tó bá ṣe kìíní ní ẹkùn tirẹ̀ máa ń gba ọ̀kan nínú nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́, ì báà rí bó ṣe rí. Ní sáà 2010, Seattle ṣe kìíní ní ẹkùn wọn pẹ̀lú ìborí méje àti ìfìdírẹmi mẹ́sàn-án. New Orleans tó borí nígbà mọ́kànlá, tó pàdánù márùn-ún péré, ló sì wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá wọn nílé wọn. Seattle na wọ́n 41-36. Àwọn kan ń fi ìborí yẹn ti òfin náà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbá dáadáa lọ́jọ́ náà, ìyẹn ò sọ pé ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti gbá a.

Tiwa nìyí: ṣíṣe kìíní ní gúrúùpù máa fún tíìmù ní àyè nínú playoff, kò ní fún un ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́. Bí àwọn tíìmù gúrúùpù kan bá ti ń pàdé àwọn ti gúrúùpù kejì nínú líìgì, ẹ da gbogbo wọn pọ̀ sí tábìlì kan, kí ẹ fún wọn ní nọ́ńbà láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gúrúùpù Mákùn àti Ọ̀fin ò bá fojú kan gúrúùpù Ìsarà àti Òde Rẹ́mọ rí, ẹ ò lè fi pọ́ìntì wọn wé ara wọn. Ẹ jẹ́ kí kìíní A pàdé kejì B, kí kìíní B pàdé kejì A. Ìyẹn ò ní jẹ́ kí àwọn tó wá láti gúrúùpù kan náà tún pàdé àfi ní fáínà. Ibi tí ẹ ti máa tún un ṣe gan-an ni ọjọ́ tí ẹ bá ń pín gúrúùpù: ẹ fi tábìlì ọdún tó kọjá ya àwọn tó lágbára sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: yíya àtẹ

Ẹ ra káádíbọ́ọ̀dù funfun kan àti máákà tí omi ò lè pa rẹ́. (Mo sọ ti máákà nítorí òjò kan tó fọ odindi sẹ́mì-fáínà kúrò lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìlà búlúù nìkan ló kù tó ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri.)

Fún tíìmù mẹ́jọ, ẹ rántí mẹ́sàn-án. Àwọn méjì tó bá pàdé, àròpọ̀ nọ́ńbà wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án: 1 àti 8, 4 àti 5, 2 àti 7, 3 àti 6. Ẹ fi méjì àkọ́kọ́ sí apá òkè, kí ẹ fi méjì yòókù sí ìsàlẹ̀. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé wọ́n á to wọn dáadáa, wọ́n á wá fi 1 àti 2 sí apá kan náà, àwọn méjèèjì á sì kolu ara wọn ní sẹ́mì. Bí tíìmù bá jẹ́ mẹ́rin, márùn-ún ni àròpọ̀. Bó bá jẹ́ 16, ó di 17.

Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, nọ́ńbà kìíní àti kejì á sinmi ní ìpele àkọ́kọ́. 3 pàdé 6, 4 pàdé 5. Ẹni tó bá borí láàrin 4 àti 5 ló ń lọ bá nọ́ńbà kìíní.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé irú ètò yìí ń pa adùn eré, pé àwọn ńlá á máa borí ṣáá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje bọ́ọ̀lù agbọ̀n àwọn ọkùnrin ní yunifásítì Amẹ́ríkà, ọdún 2018 ni nọ́ńbà 16 kọ́kọ́ na nọ́ńbà kìíní: UMBC fi 74-54 na Virginia. Gbogbo ayé ló pariwo, nítorí pé wọ́n mọ nọ́ńbà tó wà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ inú náílọ́ọ̀nù ni wọ́n ti mú wọn ni, ta ni ìbá mọ̀ pé ìyàlẹ́nu ni?

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí nọ́ńbà tó ga jẹ èrè gidi

Pápá ilé lèrè àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ìsarà ní ọjọ́ tí ìlú jáde mọ̀ pé èèyàn kejìlá ni ariwo àwọn obìnrin ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà tó ga yan pápá, bí pápá náà ò bá ti ní kòtò tó lè ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ọ̀nà tiwọn. Ní Mexico, nínú líìgì tó ga jù wọn, bí àròpọ̀ eré méjèèjì bá dọ́gba ní kwọ́tà tàbí sẹ́mì, nọ́ńbà tó ga ló ń kọjá, kò sí pẹ́náritì. Ní 2018, líìgì họ́kì orí yìnyín kan ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, SPHL, jẹ́ kí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ fúnra wọn yan ẹni tí wọ́n fẹ́ bá pàdé. Èyí wù mí láti wò, ṣùgbọ́n mi ò ní dán an wò níbí: ìlú tí wọ́n bá yàn á gbà pé wọ́n tàbùkù òun ni, ọ̀rọ̀ á sì kúrò ní ti bọ́ọ̀lù.

Èyí tí mo fi ọkàn sí jù ni ti líìgì kíríkẹ́ẹ̀tì India, IPL, tí wọ́n ń lò láti 2011. Tíìmù mẹ́rin ló ń wọlé. Nọ́ńbà 1 àti 2 kọ́kọ́ pàdé, ẹni tó borí lọ tààrà sí fáínà. Nọ́ńbà 3 àti 4 pàdé, ẹni tó bá pàdánù lọ sílé. Ẹni tó pàdánù láàrin 1 àti 2 wá pàdé ẹni tó borí láàrin 3 àti 4, ẹni tó bá sì borí níbẹ̀ lọ sí fáínà. Eré mẹ́rin péré ni gbogbo rẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ méjì ti tó. Àwọn méjì tó ṣiṣẹ́ jù ní ẹ̀mí méjì, àwọn yòókù ní ọ̀kan. Ọdún tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kápéènì tó bi mí léèrè lọ́jọ́sí ló ṣe ipò kejì. Wọ́n nà án nínú eré àkọ́kọ́, ó padà wá, ó sì dé fáínà. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ṣé kí ẹ máa tún nọ́ńbà tò lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà tó ga jù tó ṣẹ́ kù máa pàdé èyí tó rẹlẹ̀ jù? NFL ń ṣe é, NBA, líìgì bọ́ọ̀lù agbọ̀n Amẹ́ríkà, kì í ṣe é. Bí gbogbo eré yín bá wà ní pápá kan, ẹ ṣe é. Bí ẹ bá ń rìn láti ìlú dé ìlú, ẹ fi í sílẹ̀, torí tíìmù gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń lọ kó tó lè bá onídánfó dúnàádúrà.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ dí ọ̀nà mọ́ àmọ̀ọ́mọ̀-pàdánù

Níbi tí nọ́ńbà bá ti ní èrè, ẹnì kan á gbìyànjú láti yan nọ́ńbà tó fẹ́. Ní Òlíńpíìkì London 2012, nínú bádímíńtọ̀nù àwọn obìnrin, wọ́n lé àwọn ẹlẹ́ni méjì-méjì mẹ́rin, èèyàn mẹ́jọ, kúrò nínú ìdíje nítorí pé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù kí wọ́n má bàa pàdé ẹni tí wọn ò fẹ́. Ní ìdíje àgbáyé ọdún 1982 ní Spain, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì àti Austria mọ̀ pé 1-0 á gbé àwọn méjèèjì kọjá, torí Algeria tí wọ́n jọ wà ní gúrúùpù kan náà ti gbá tirẹ̀ tán lọ́jọ́ tó ṣáájú. Gọ́ọ̀lù kan wọlé láìpẹ́, ni wọ́n bá ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra wọn títí eré fi parí. Láti ìgbà náà ni ìdíje àgbáyé ti ń gbá eré ìparí gúrúùpù ní àkókò kan náà.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Aago mẹ́rin ni kí gbogbo eré ìparí bẹ̀rẹ̀, ì báà gba pápá mẹ́ta. Bí rẹfirí kan bá pẹ́, kí gbogbo yín dúró dè é. Mo mọ̀ pé wọ́n á máa fi WhatsApp ránṣẹ́ láti pápá dé pápá, ẹ ò lè dí ìyẹn. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ipò kìíní wuni ju ipò kejì lọ, kí ipò kejì wuni ju ẹ̀kẹta lọ, débi pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù máa mọ̀ ọ́n lára.

Ní alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn

Ẹ má dá ṣírò o. Kí akọ̀wé ṣe é, kí ẹnì kan láti tíìmù tí kò wọlé tún un ṣe lójú gbogbo èèyàn, torí òun ò ní nǹkan tó ń wá níbẹ̀. Ẹ ka pọ́ìntì sókè ketekete, ẹ ka nọ́ńbà, ẹ ka ẹni tó máa pàdé ẹni, pápá àti aago. Kí kápéènì kọ̀ọ̀kan fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán káádíbọ́ọ̀dù náà kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹjọ́, kó rò ó ní ọ̀la kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, lórí ìwé, kí ìgbìmọ̀ sì fún un lésì kí oòrùn tó wọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ káádíbọ́ọ̀dù mọ́ ara ògiri lábẹ́ ẹ̀hánná, níbi tí òjò ò lè dé.